Igun tí omi inú ojú ń gbà jáde: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yẹ̀ ẹ́ wò nínú glọkóómà

Ohun tí wọ́n ń bi wá jù ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà la kó jọ síbí, pẹ̀lú ohun tí àwọn tó ń ti Ìpetumodù, Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà àti Ẹ̀sà-Òkè wá máa ń bèèrè. Apá kan jẹ́ ti ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹ ojú rẹ̀ wò. Apá tó kù, òun ló sì gùn jù, jẹ́ ti nọ́ọ̀sì ojú, optometrist àti dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ẹ fo èyí tí kò bá kàn yín.

Kí ni wọ́n ń pè ní igun yìí, níbo ló sì wà?

Kì í ṣe kọ̀rọ̀ ojú tí ipin máa ń jókòó sí. Inú ẹyinjú ló wà, níbi tí kọ́níà, ìyẹn gíláàsì iwájú ojú, ti pàdé áírísì, awẹ́ dúdú tó yí ọmọlójú ká. Ojú máa ń pèsè omi kan fúnra rẹ̀ tí kì í ṣe omijé. Ẹ̀yìn áírísì ló ti ń sun, nǹkan bí 2 sí 2.5 microlitre ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ó ń gba ọmọlójú bọ́ síwájú, ó sì ń wá ọ̀nà jáde ní igun yẹn. Asẹ́ kan wà níbẹ̀ tó yí ojú ká bí òrùka, trabecular meshwork lorúkọ tí àwọn dókítà ń pè é. Omi náà á gba inú asẹ́ bọ́ sí ihò tóóró kan, Schlemm's canal, láti ibẹ̀ á sì padà sínú ẹ̀jẹ̀.

Bí ẹnu ọ̀nà bá là sílẹ̀ gbayawu ṣùgbọ́n tí asẹ́ fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí omi kọjá dáadáa mọ́, glọkóómà onígun-ṣíṣí nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé áírísì ló lọ lẹ̀ mọ́ ojú asẹ́, bí ìgbà tí ọ̀rá bá lẹ̀ mọ́ ẹnu gọ́tà, onígun-pípadé nìyẹn. Ìfúnpá omi inú ojú sábà máa ń ga nínú méjèèjì, iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ á sì máa kú. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ yọ ọ̀rá àti ẹni tó fẹ́ tún asẹ́ ṣe, irinṣẹ́ wọn yàtọ̀.

Wọ́n ti wọn ìfúnpá ojú mi, wọ́n sì ní glọkóómà ni. Kí ló kù tí wọ́n tún fẹ́ wò?

Ìfúnpá máa ń sọ bí omi ṣe ga tó. 10 sí 21 mmHg la sábà máa ń rí lójú tó dá ṣáká. Kì í sọ ìdí tó fi ga. Igun ló ń sọ ìyẹn, ìtọ́jú sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí igun rẹ̀ pa dé lè nílò kí wọ́n fi lésà lu ihò kékeré sí áírísì, tàbí kí wọ́n yọ lẹ́ńsì àdámọ́ tó ti nípọn jù nínú ojú rẹ̀. Ẹni tí igun rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ihò yẹn kò ní ṣe é ní àǹfààní kankan; òògùn tí wọ́n ń kán sójú, lésà tí wọ́n ń ta sí asẹ́ gan-an, tàbí iṣẹ́ abẹ ni tirẹ̀.

Nínú ìwádìí ojú tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, nǹkan bí 5 nínú 100 àwọn tó ti lé ní 40 ọdún ló ní glọkóómà, nǹkan bí 86 nínú 100 àwọn yẹn ló sì jẹ́ onígun-ṣíṣí. Nọ́ńbà yìí ló ń kó àwọn òṣìṣẹ́ sí ìjọ̀ngbọ̀n. Wọ́n á ní nígbà tó jẹ́ pé onígun-ṣíṣí ló pọ̀ níbí, kí la tún ń yẹ̀ wò? Èyí tó kù náà lójú, èèyàn ló sì ni ojú ọ̀hún. Ẹni tó kọ “onígun-ṣíṣí” sínú fáìlì láìwo igun, àbá ló kọ.

Kí ló dé tí dókítà kò kàn lè wò ó tààrà?

Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti igun bọ̀ kì í jáde ni. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń gbà kọ lu inú kọ́níà, bí ó bá sì ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá nǹkan bí 46°, kọ́níà á dá a padà sínú. Ẹ bu omi sínú ife gíláàsì, kí ẹ gbé e sókè díẹ̀, kí ẹ wá wo ojú omi náà láti ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́: á máa dán bíi dígí, ẹ ò sì ní rí ohun tó wà lókè rẹ̀. Ohun kan náà ni.

Ní 1907, dókítà ojú ọmọ Gíríìkì kan, Trantas, fi ìka tẹ etí ojú aláìsàn kan tí kọ́níà rẹ̀ yọ síta ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì rí igun náà. Òun ló fún iṣẹ́ yìí lórúkọ tó ń jẹ́ títí di òní, gonioscopy. Salzmann ló mú lẹ́ńsì wọ̀ ọ́ ní 1914, Goldmann sì fi dígí sínú lẹ́ńsì ní 1938. Iṣẹ́ lẹ́ńsì náà kò ju kí ó lé afẹ́fẹ́ kúrò lójú kọ́níà lọ, kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sínú gíláàsì rẹ̀, kí dígí sì darí rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó ń wò.

Ilé ìwòsàn wa kò ní slit lamp, ẹ̀rọ tí aláìsàn ń gbé àgbọ̀n lé, tó ń ta iná tín-ín-rín sójú tó sì ń mú un tóbi. Ṣé tọ́ọ̀ṣì lè ràn wá lọ́wọ́?

Díẹ̀. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ojú tó kọjú sí etí aláìsàn, kí iná rẹ̀ tẹ́jú pẹ̀lú áírísì, kí ó máa lọ sí ọ̀nà imú. Bí áírísì bá tẹ́, gbogbo rẹ̀ á mọ́lẹ̀. Bí ó bá yọ síwájú, apá ti imú á wà nínú òjìji. Bí òjìji bá bo ju ìdajì apá ti imú lọ, ẹ fura, kí ẹ má kán òògùn tó ń fẹ ọmọlójú sí i, kí ẹ sì kọ̀wé fún un lọ síbi tí wọ́n ti lè wo igun. Iná fóònù kò dára fún èyí, ó máa ń fọ́n ká. Àìsí òjìji kò sì sọ pé igun là; tọ́ọ̀ṣì máa ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ igun tóóró bọ́ mọ́ni lọ́wọ́.

A ní slit lamp ṣùgbọ́n a kò ní lẹ́ńsì gonio. Kí la lè ṣe?

Ọ̀nà Van Herick, tí wọ́n gbé jáde ní 1969. Kò gba òògùn, kò kan ojú, kò sì tó ìṣẹ́jú kan.

Kí aláìsàn gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, kí ó máa wo iwájú gbọnrangandan. Ẹ yí apá iná sí 60° sí ibi tí ẹ ti ń wò, ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí etí aláìsàn. Ẹ mú iná náà tín-ín-rín bí ó bá ṣe lè tó, kí ẹ sún un dé etí kọ́níà gan-an, níbi tí funfun ojú parí sí. Kí ẹ̀rọ mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10 tàbí 16 ti tó. Ẹ máa rí ìlà tó mọ́lẹ̀, kọ́níà nìyẹn. Ẹ máa rí ìlà kejì lẹ́yìn rẹ̀, áírísì nìyẹn. Òkùnkùn tó wà láàárín wọn lẹ fẹ́ wọ̀n, bí kọ́níà ṣe nípọn tó sì ni rúlà yín.

Bí òkùnkùn náà bá fẹ̀ tó bí kọ́níà ṣe nípọn tàbí tó jù ú lọ, ìpele 4 ni. Bí ó bá wà láàárín 1/4 sí 1/2, 3 ni. Bí ó bá jẹ́ 1/4, 2 ni. Bí kò bá tó 1/4, 1 ni, bí áírísì bá sì lẹ̀ mọ́ kọ́níà, 0. Láti 2 wá sí ìsàlẹ̀, ẹni náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní lẹ́ńsì. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún làwọn mìíràn ń lò láti bí 2000 wá: 0, 5, 15, 25, 40, 75, 100. Ó sàn ju 0 sí 4 lọ, nítorí ó ń ya àwọn tóóró sọ́tọ̀ láàárín ara wọn, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì wà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí iná jìnnà sí etí kọ́níà. Bí ẹ bá fi mílímítà kan péré wọnú, òkùnkùn á fẹ̀, ẹ ó sì pe igun tóóró ní gbayawu. Ojú àwa ènìyàn dúdú tún ní àwọ̀ dúdú tó yí etí kọ́níà ká, tí kì í jẹ́ kí ibi tí funfun parí sí hàn kedere. Ẹ wá ibi tí kọ́níà ti kọ́kọ́ mọ́lẹ̀ gaara, kí ẹ dúró síbẹ̀. Ẹran ojú tó gun kọ́níà, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọlọ́kadà tí oòrùn òun eruku ń bá jà máa ń ní, lè gba ibi tí ẹ fẹ́ wò.

Nǹkan méjì tún wà tí Van Herick kò lè rí láé. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń wò, bẹ́ẹ̀ igun òkè ló sábà máa ń tóóró jù. Ìkejì, áírísì kan wà tó tẹ́ láàárín ṣùgbọ́n tí gbòǹgbò rẹ̀ ká sókè lójijì sí ẹnu asẹ́, plateau iris ni wọ́n ń pè é. Òkùnkùn á fẹ̀ dáadáa lójú yín, igun á sì ti pa dé lábẹ́ rẹ̀.

Irú lẹ́ńsì gonio wo ni kí a rà?

Bí owó ẹyọ kan ló wà, ẹ ra onídígí mẹ́rin, irú ti Zeiss, Posner tàbí Sussman. Ojú rẹ̀ tó ń kan kọ́níà fẹ̀ tó 9 mm, ó tẹ́ díẹ̀ ju kọ́níà lọ, nítorí náà omijé tó wà lójú ti tó fún un, kò gba jẹ́ẹ̀lì. Dígí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dà ní 64°. Ẹ ó rí gbogbo igun yíká láì yí i púpọ̀, ẹ sì lè fi tẹ ojú láti mọ̀ bóyá igun tó pa dé ṣì lè ṣí. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń yọ̀, ọwọ́ tí kò tíì mọ̀ ọ́n sì máa ń tẹ ojú láìmọ̀.

Lẹ́ńsì Goldmann fẹ̀ tó 12 mm. Ó kọ ikùn ju kọ́níà lọ, fún ìdí èyí jẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ kún àárín wọn, hypromellose tàbí carbomer. Ó máa ń di ojú mú, kì í yẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì mọ́ kedere, ìdí nìyí tó fi dùn ún kọ́ṣẹ́ tó sì dára fún lésà. Dígí onídígí-kan dà ní 62°, èyí tí a ń lò fún igun lára onídígí-mẹ́ta sì dà ní 59°. Ẹ ní láti yí i ká kí ẹ tó rí igun tán. Jẹ́ẹ̀lì rẹ̀ máa ń sọ kọ́níà di bàìbàì fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ ya àwòrán ẹ̀yìn ojú tàbí kí ẹ ṣe àyẹ̀wò ibi tí ojú ríran dé lọ́jọ́ kan náà, ẹ ṣe ìyẹn ṣáájú.

Fún ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ti fún ní oorun ní tíátà, Koeppe ni wọ́n ń lò. Ìdùbúlẹ̀ ni ọmọ á wà, kò sí dígí nínú rẹ̀, ó sì ń fi igun hàn bó ṣe rí gẹ́lẹ́ láìdorí rẹ̀ kodò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe gonioscopy, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?

Òkùnkùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ní aago méjì ọ̀sán ní Iléṣà, fèrèsé tí kòténì fẹ́lẹ́ bò kò sọ yàrá di òkùnkùn. Bí ẹ bá ṣì lè ka lẹ́tà inú fáìlì láì tan iná, kò tíì ṣú tó. Ìdí rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ máa ń fún ọmọlójú, áírísì á nà, á sì fà kúrò lẹ́nu asẹ́. Igun tó ń pa dé ní gbogbo òru lè ṣí gbayawu níwájú yín.

Ẹ kán tetracaine tàbí proparacaine 0.5%, òògùn tó ń pa ojú kú fún ìgbà díẹ̀ kí ó má mọ ìrora, ẹ̀kán kan sí ojú méjèèjì, bí ẹ tilẹ̀ fẹ́ wo ojú kan. Ojú tí kò kú á máa ṣẹ́, á sì máa fa èkejì. Ẹ dín gíga iná slit lamp kù sí 1 mm, kí ó tín-ín-rín, kí ẹ̀rọ sì mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10 sí 16. Ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ lé nǹkan, àpótí tíṣù tó, kí ìka kékeré yín sì fara ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ aláìsàn. Ọwọ́ tó wà lófuurufú ló ń tẹ ojú.

Fún Goldmann, ẹ fi jẹ́ẹ̀lì kún ìdajì ikùn lẹ́ńsì láìsí èéhó afẹ́fẹ́, ẹ ní kí aláìsàn wòkè, ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, kí ẹ gbé etí lẹ́ńsì lé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó yí i dé ojú. Fún onídígí mẹ́rin, iwájú ni kí ó máa wò, kí ẹ kàn fi lẹ́ńsì kan ojú jẹ́jẹ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti dígí òkè. Dígí òkè, igun ìsàlẹ̀ ló ń fi hàn. Ohun tó wà lọ́tùn-ún ṣì wà lọ́tùn-ún. Igun ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń fẹ̀ jù tí asẹ́ ibẹ̀ sì dúdú jù, ibẹ̀ lojú yín á ti tètè mọ ohun tó ń wò. Lẹ́yìn náà ẹ wo òkè, ti imú àti ti etí. Iná kò gbọdọ̀ kan ọmọlójú. Nínú òkùnkùn yìí, láì tẹ ojú rárá, ẹ kọ ohun tó jìn jù tí ẹ rí ní apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìgbà yẹn lẹ tó lè fi kún iná láti wá nǹkan mìíràn.

Kí ni a ń wá nínú dígí náà?

Láti ọ̀dọ̀ kọ́níà wá: Schwalbe's line, ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí kọ́níà parí sí. Asẹ́ ló tẹ̀ lé e. Ìdajì iwájú rẹ̀ funfun, ìdajì ẹ̀yìn, tí omi ń gbà jù, ni àwọ̀ ilẹ̀ máa ń kún. Scleral spur, ìlà funfun tóóró. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀já ciliary body, ẹ̀yà tó ń pèsè omi inú ojú, tó rí bí eérú tàbí àwọ̀ ilẹ̀ dúdú. Lẹ́yìn ìyẹn, gbòǹgbò áírísì.

Lọ́nà Shaffer, tó ń fi 0 sí 4 sọ bí igun ṣe fẹ̀ tó, 4 ni 35° sí 45° tí ẹ rí dé ọ̀já ciliary body. 3 ni 20° sí 35°, ẹ rí dé scleral spur. 2 jẹ́ nǹkan bí 20°, asẹ́ ló hàn gbẹ̀yìn. 1 kò ju nǹkan bí 10° lọ, Schwalbe's line nìkan ló kù. 0 ti pa dé. Ọ̀nà Scheie dojú èyí délẹ̀: IV tirẹ̀ ni igun tó pa dé. A ti rí lẹ́tà tí wọ́n kọ “igun grade 4” sí láìsọ ti ta ni. Ẹ jọ̀wọ́, orúkọ ohun tí ẹ rí ni kí ẹ kọ. Spaeth fi lẹ́tà A sí E sọ ibi tí áírísì so mọ́, ó sì fi bí igun ṣe fẹ̀ tó àti bí áírísì ṣe ká kún un. Òun ló kún jù, àwọn tó ń lò ó lójoojúmọ́ kò sì pọ̀.

Bí asẹ́ ẹ̀yìn kò bá hàn ní 180° tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìfúnpá dára tí kò sì sí ìlẹ̀pọ̀, ìyẹn áírísì tó ti lẹ̀ mọ́ asẹ́ tí kò kúrò mọ́, afurasí onígun-pípadé lẹni náà. Bí ìfúnpá bá ga tàbí tí ìlẹ̀pọ̀ bá wà, igun rẹ̀ ti ń pa dé nìyẹn. Bí iṣan ojú bá ti bàjẹ́, ìgbà yẹn ló tó di glọkóómà onígun-pípadé. Kì í ṣe gbogbo afurasí ni lésà tọ́ sí: ìwádìí ZAP ní Guangzhou, ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019, fi hàn pé láàárín ọdún mẹ́fà, díẹ̀ péré ni ojú wọn burú sí i, yálà wọ́n ta lésà sí i tàbí wọn kò ta á.

Ojú àwọn aláìsàn wa dúdú, gbogbo ibẹ̀ sì jọ ara wọn. Báwo la ṣe ń mọ asẹ́ gan-an?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Àwọ̀ dúdú lè dà sórí Schwalbe's line ní ìsàlẹ̀, kí ó sì yí ká bí ìlà kọ́lọkọ̀lọ, Sampaolesi ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá yára á pe ìlà yẹn ní asẹ́, á sì kọ pé igun là, nígbà tó jẹ́ pé asẹ́ ti wà lábẹ́ áírísì.

Ọ̀nà àbáyọ ni ìmọ́lẹ̀ onígun mẹ́ta. Ẹ yẹ apá iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ 10° sí 20°, kí iná tín-ín-rín gidigidi. Ẹ ó rí ìlà ìmọ́lẹ̀ méjì, ọ̀kan níwájú kọ́níà, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tọ̀ wọ́n lọ títí wọn yóò fi pàdé. Ibi tí wọ́n ti pàdé, Schwalbe's line ni, ohunkóhun tí àwọ̀ lè máa sọ. Asẹ́ wà lẹ́yìn ibẹ̀.

Bí áírísì bá yọ bí òkè tí ẹ kò sì rí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ní kí aláìsàn wo apá dígí tí ẹ ń lò díẹ̀. Díẹ̀ ni o: bí ó bá wò ó jù, igun á ṣí lọ́nà tí kò rí tẹ́lẹ̀.

Kí ni títẹ̀ ń fi hàn, kí ló sì ń bà jẹ́?

Onídígí mẹ́rin kéré ju kọ́níà lọ. Bí ẹ bá tẹ àárín, omi iwájú ojú á sá lọ sí ẹ̀gbẹ́, á sì ti áírísì sẹ́yìn. Bí asẹ́ bá yọjú, áírísì kàn fara kàn án lásán ni. Bí apá kan bá kọ̀ tí kò kúrò, ó ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, lésà nìkan kò sì ní tú ibẹ̀. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ṣí tóóró tí òkè méjì sì hàn lára áírísì, ẹ ronú plateau iris.

Títẹ̀ tí ẹ kò mọ̀ pé ẹ ń tẹ̀ ló burú. Bí kọ́níà bá ń hunjọ bí aṣọ nínú lẹ́ńsì, ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, ẹ tú ọwọ́. Ti Goldmann yàtọ̀: etí rẹ̀ gbòòrò kọjá kọ́níà, nítorí náà bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, igun á tóóró ni. Ó tún lè dí iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀bá ojú, kí ìlà pupa hàn lẹ́yìn asẹ́, èyí tí kì í ṣe àìsàn rárá.

Ẹ̀rọ AS-OCT tí kì í kan ojú wà. Ṣé kò ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ lẹ́ńsì?

Rárá, ṣùgbọ́n ó wúlò. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí ló fi ń ya àwòrán igun, 1310 nm nínú àwọn kan, nǹkan bí 840 nm nínú àwọn mìíràn. Aláìsàn á jókòó, á gbé àgbọ̀n lé e, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó parí. Ó lè ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn biribiri, kò sí ọwọ́ tó ń tẹ ojú, ó ń fúnni ní nọ́ńbà tí a lè fi wéra lọ́dún tó ń bọ̀, bíi bí ẹnu igun ṣe fẹ̀ tó ní 500 µm sí scleral spur. Ẹni tó ń bẹ̀rù kí wọ́n fi nǹkan kan ojú òun á gbà fún un.

Ohun tí kò lè ṣe pọ̀. Kò mọ àwọ̀: kò lè fi ẹ̀jẹ̀, àwọ̀ dúdú tó dà sórí asẹ́, tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun tó ń hù ní igun aláìsàn ìtọ̀ ṣúgà hàn yín. Kò lè tẹ ojú, nítorí náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìfarakàn àti ìlẹ̀pọ̀. Àwọ̀ ẹ̀yìn áírísì ń dí i lọ́nà, kì í rí ciliary body. Nínú àwòrán mìíràn scleral spur kì í hàn, bẹ́ẹ̀ láti ibẹ̀ ni gbogbo ìwọ̀n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó tún sábà máa ń pe igun ní pípadé ju bí lẹ́ńsì ṣe ń pè é lọ.

UBM ńkọ́?

Ohùn ló ń lò, bíi skáànù aboyún, ṣùgbọ́n ti 35 sí 50 MHz, tí kì í wọlé ju nǹkan bí 5 mm lọ. Òun ló ń rí ẹ̀yìn áírísì: ciliary body, àpò omi, kókó, okùnfà plateau iris. Kọ́níà tó ti di funfun kò dí i lọ́wọ́. Aláìsàn á dùbúlẹ̀, wọ́n á fi ife kékeré olómi sójú rẹ̀, ó gba àkókò àti ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n. Ìdùbúlẹ̀ yẹn lè jẹ́ kí lẹ́ńsì àdámọ́ fà sẹ́yìn díẹ̀, kí igun sì fẹ̀ ju bó ṣe rí ní ìjókòó lọ.

Bí AS-OCT bá ní ó pa dé tí lẹ́ńsì ní ó ṣí, èwo la ó gbà?

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n lò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, òkùnkùn ni wọ́n ti ya àwòrán, yàrá tó mọ́lẹ̀ ni wọ́n ti gbé lẹ́ńsì sí i. Ẹ tún lẹ́ńsì ṣe nínú òkùnkùn, iná 1 mm, láìtẹ ojú. Bí ó bá ṣì ṣí, lẹ́ńsì la máa ń gbà, ṣùgbọ́n a kì í tú ẹni náà sílẹ̀: a ó tún pè é láàárín ọdún kan.

Ṣé ó máa ń dunni? Ṣé mo lè dá nìkan padà sílé?

Kì í dunni. Òògùn tó ń pa ojú kú fún ìgbà díẹ̀ kí ó má mọ ìrora á kọ́kọ́ ta ojú fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà ẹ ó kàn mọ̀ pé nǹkan wà lójú. Ẹ má fún ìpéǹpéjú pọ̀, ẹ má sì dá èémí dúró. Nítorí pé wọn kò fẹ ọmọlójú, ẹ lè wọ ọkọ̀ padà sí Lágéré tàbí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà fúnra yín. Bí wọ́n bá lo jẹ́ẹ̀lì, ojú á ṣe bàìbàì díẹ̀. Ẹ má wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà títí á fi mọ́. Fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, ẹ má fi ọwọ́ ra ojú, nítorí ojú tí òògùn náà ṣì wà lára rẹ̀ kò mọ ìgbà tí èékánná ya á.

Kí ló dé tí wọ́n fi ní kí n padà wá lọ́jọ́ mìíràn nítorí pé wọ́n ti kán òògùn tó ń fẹ ojú sí mi?

Ọmọlójú tó ti fẹ̀ kó áírísì jọ sí igun. Ohun tí wọ́n bá rí lásìkò yẹn kì í ṣe bí ojú yín ṣe ń wà lójoojúmọ́. Igun ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fẹ ojú. Ìdí kejì ni pé bí igun bá tóóró, òògùn náà lè pa á dé pátápátá. Bí ẹ bá délé lẹ́yìn irú òògùn bẹ́ẹ̀ tí ojú ń ro yín gan-an, tó pọ́n, tí iná ní òṣùmàrè yíká, tí èébì ń gbé yín, ẹ padà sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kódà lóru. Ẹ má rò pé ibà tàbí àyà ríro ni.

Ìwé inú òògùn ọ̀fìnkìn sọ pé kí ẹni tó ní glọkóómà má lò ó. Ṣé èmi náà nìyẹn?

Ẹni tí igun rẹ̀ tóóró ni ìkìlọ̀ yẹn ń bá wí jù. Òògùn ọ̀fìnkìn kan, òògùn inú rírun bíi hyoscine, àti òògùn ìsoríkọ́ kan máa ń fẹ ọmọlójú. Bí gonioscopy bá ti sọ pé igun yín là, tàbí tí wọ́n ti fi lésà lu ihò tó ṣí i, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ bi dókítà yín bí igun yín ṣe rí, kí ẹ sì máa sọ ọ́ fún oníkẹ́mísì.

Ta ni kò yẹ kí wọ́n gbé lẹ́ńsì sójú rẹ̀?

Ẹni tí nǹkan gún ojú rẹ̀ tàbí tí a fura pé ẹyinjú rẹ̀ là. Ẹni tí egbò wà lórí kọ́níà rẹ̀. Ẹni tó ní àpólò lọ́wọ́. Ẹni tí bọ́ọ̀lù tàbí òkúta róbà bà lójú tí ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, ẹ dúró tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ẹ pè é padà, nítorí igun tó ya lẹ́yìn ìkọlù lè fa glọkóómà ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Bí igun bá pa dé lójijì tó sì sọ kọ́níà di funfun, ẹ̀kán glycerin lè mú un mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ wo igun ojú kejì. Ojú méjèèjì sábà máa ń jọra, ìyẹn á sì ti fún yín ní ìdáhùn.

Báwo la ṣe ń fọ lẹ́ńsì kí àpólò má bàa ti ojú kan dé òmíràn?

Ẹ fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ ìwọ̀nba fọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí jẹ́ẹ̀lì tó gbẹ. Lẹ́yìn náà ẹ rẹ apá lẹ́ńsì tó kan ojú aláìsàn sínú bleach 0.5% fún ìṣẹ́jú 5, ó kéré tán. Bí ìgò bá kọ 5%, bleach 1 sí omi 9. Bí ó bá kọ 3.5%, bleach 1 sí omi 6. Tuntun lójoojúmọ́, nítorí agbára rẹ̀ máa ń dín kù. Lẹ́yìn èyí ẹ ṣan án dáadáa: bleach tó bá kù lára rẹ̀ máa ń bó ojú kọ́níà. Ọtí ìfọgbẹ́ àti ooru máa ń tú gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn dígí nínú ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì. Ìwé tó bá a wá ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ìgbà mélòó ni wọ́n yóò ṣe é fún mi?

Bí igun yín bá tóóró, lọ́dọọdún. Bí ó bá là, kò pọn dandan lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n kí ó máa padà wáyé láàárín ọdún díẹ̀, nítorí lẹ́ńsì àdámọ́ máa ń nípọn bí a ṣe ń dàgbà. Bí ìfúnpá bá ga lójijì, kí wọ́n wò ó lọ́jọ́ náà.

Mo fẹ́ kọ̀wé ránṣẹ́ sí OAUTHC, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, yálà ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí ẹ̀ka ti Wesley Guild ní Iléṣà. Kí ni kí n kọ nípa igun?

Ẹ kọ lẹ́ńsì tí ẹ lò, bí yàrá ṣe ṣókùnkùn tó, àti ohun tó jìn jù tí ẹ rí ní apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìtẹ̀. Báyìí: “Onídígí mẹ́rin, òkùnkùn, ojú ọ̀tún. Òkè: Schwalbe's line nìkan. Imú: Schwalbe's line nìkan. Ìsàlẹ̀: asẹ́ ẹ̀yìn. Etí: asẹ́ iwájú. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́: òkè ṣí dé scleral spur, imú kò ṣí, ó lẹ̀ pọ̀. Ìfúnpá 28 mmHg, aago 10 àárọ̀. A kò tíì fẹ ojú.” Bí Van Herick nìkan lẹ ṣe, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má sì kọ ọ̀rọ̀ náà “gonioscopy” síbẹ̀.